Fíìmù adẹ́rùbani tó kún fún ẹ̀rín, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan: kí ló ń fà wá mọ́ ọn, báwo la sì ṣe lè ṣe é dáadáa?

ỌmọỌbòkun_Ìsọ̀kún

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní Ifẹ̀ àti Iléṣà.

Fíìmù wà tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ lé lórí, tí òkú inú rẹ̀ jọ òkú gidi. Àwọn èèyàn á wò ó, wọ́n á dìde, ó parí síbẹ̀. Èyí tí orí iwin inú rẹ̀ jẹ́ bébà, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́, tí òṣèré ń ké tantan, òun gan-an ni wọ́n ń pe ara wọn jọ wò lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń sọ gbólóhùn inú rẹ̀ síra wọn ní ìgboro. Kí ló ń fa èyí?

Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Àwa kan fẹ́ ya fíìmù ìṣẹ́jú 20 ní Iléṣà níbí. Olè mẹ́ta wọ ilé ìkẹ́rù kòkó lóru láti jí àpò kòkó gbé. Iwin kan ń gbé ibẹ̀, irinṣẹ́ kòkó ló sì ń fi pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A fẹ́ kí ẹ̀rù bani, kí ẹ̀rín sì pani. Fóònù la máa fi yà á, owó ọwọ́ wa jẹ́ ₦300,000. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ojú iwin, ìró, iná àti ìdarí là á yé wa fínnífínní.

BàbáÌtàgé_Eléyẹlé

Ọmọ Ọbòkun, o kú ìbéèrè. Ìlú rẹ gan-an ló yẹ kó dáhùn èyí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, Iléṣà náà ló sì kú sí ní 2018. Ọ̀run Móoru rẹ̀, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, mú ìṣẹ́, ikú àti ọ̀run, ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rín. Wo bó ṣe ń múra: awò ojú ràgàjì, táì ọrùn tó gba gbogbo àyà, aago ńlá tó gbé kọ́ra. Àṣejù ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ojú rẹ̀ láàárín aṣọ yẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyà tó ń jẹ ẹni tó ń ṣe dùn ún wọ eegun. Ẹni tí èyí bá yé ti gba ìdajì ìdáhùn.

Ìdajì kejì wà lọ́dọ̀ àwọn eégún alárìnjó tó ń pidán. Ọ̀kan á wọ abẹ́ aṣọ lójú agbo, á yọ ní erè, á tún yí padà di ọ̀nì, á di òyìnbó onímú gígùn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé aṣọ ni, ọmọdé gan-an mọ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀nì yẹn bá fò mọ́ wọn, agbo á tú, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sá. Wọ́n ń yin ọwọ́ tó rán aṣọ náà, wọ́n sì ń sá fún ẹranko tó wà nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Adùn méjì ni. Fíìmù olówó ńlá ti pa ọ̀kan nínú méjèèjì, torí kò jẹ́ ká rí ọwọ́ ẹni tó ṣe é mọ́. Ògúńdé mọ èyí dáadáa nígbà tó gbé àwọn àjẹ́ inú Ayé láti orí ìtàgé lọ sórí fíìmù ní 1979.

Nítorí náà, kì í ṣe àìlówó ló ń pani lẹ́rìn-ín. Fíìmù tí owó rẹ̀ kéré, tí akitiyan inú rẹ̀ náà sì kéré, oorun ló ń kùn wá níbẹ̀. Èyí tí a fẹ́ràn ni èyí tí ẹni tó ṣe é kò lówó, àmọ́ tó nawọ́ sí ohun tó ga ju òun lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o.

ỌmọỌwá_Ìmọ̀

Bàbá, ẹ foríjì mí, n kò gbà tán. Èyí tó ń pa èmi lẹ́rìn-ín jù ni fíìmù tí kò mọ̀ pé òun burú. Bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ jókòó láti ṣe fíìmù burúkú, ojú rẹ̀ á hàn nínú iṣẹ́ náà, adùn rẹ̀ á sì lọ.

BàbáÌtàgé_Eléyẹlé

Ọmọ Ọwá, òótọ́ wà níbi tí o dì mú. Ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣeré burúkú, tó ń ṣẹ́jú sí òǹwòran, ìyẹn ò dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó burú níbẹ̀ kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ohun tó burú ni pé òṣèré ti kúrò nínú ìyà ẹni tó ń ṣe. Wo fíìmù Japan kan, One Cut of the Dead, tí Shinichiro Ueda ṣe ní 2017 pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta yẹ́ẹ̀nì. Ìṣẹ́jú 37 àkọ́kọ́ rẹ̀, wọn kò gé kámẹ́rà rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù tó wà nínú ìṣẹ́jú 37 yẹn, ìdákẹ́jẹ́ tó pẹ́ jù, kámẹ́rà tó ṣubú lulẹ̀, òṣèré tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri, wọ́n ti gbèrò rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó yà á. N kò ní sọ ìyókù. Mọ̀ọ́mọ̀ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀, àwọn òṣèré inú rẹ̀ sì ń ja fún ẹ̀mí wọn ní gbogbo ìgbà.

Aṣaralóge_Lágere

Ẹ kú àsọyé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Sam Raimi, adarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ lo omi ṣúgà àgbàdo, àwọ̀ pupa àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sí kọfí fún The Evil Dead (1981). Omi ṣúgà àgbàdo kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ṣúgà lásán sì tó. Fún lítà kan, gbé omi ìdajì lítà kaná, da ṣúgà gíráàmù 800 sí i, fi iná jẹ́jẹ́ rò ó títí ṣúgà á fi yọ́ tán. Bó bá ti yọ́, sọ ọ́ kalẹ̀. Bí o bá jẹ́ kó hó pẹ́, á di gọ́ọ̀mù tí kò ní ṣàn nígbà tó bá tutù. Mú ṣíbí tíì méjì àwọ̀ pupa oníyẹ̀fun tí àwọn oníkéèkì ń lò, pò ó pẹ̀lú omi gbígbóná díẹ̀ nínú ife, kí o tó dà á sí i. Bí o bá bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi ṣúgà tààrà, á dì ní kóró kóró, kóró yẹn á sì hàn lójú òṣèré. Lẹ́yìn náà, ṣíbí ìjẹun kan ìyẹ̀fun kòkó, òun náà ẹ kọ́kọ́ pò ó lọ́tọ̀. Kòkó ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Bí kò bá sí i, ìmọ́lẹ̀ á máa gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, á sì jọ ohun mímu. Ìlàjì ṣíbí tíì mílíìkì oníyẹ̀fun á tún mú kó wúwo lójú. Ẹ̀kán méjì àwọ̀ búlúù á jẹ́ kó jìn. Má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó má baà di elésè àlùkò.

Òru ni ìtàn yín, ẹ sì máa lo iná búlúù. Lábẹ́ iná búlúù, pupa máa ń di dúdú. Nítorí náà ẹ dín kòkó náà kù sí ìdajì fún àwọn àwòrán òru, kí ẹ sì fi fóònù tí ẹ máa lò gan-an dán an wò lábẹ́ iná náà gan-an.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo zóbò. Àwọ̀ rẹ̀ dáa, àmọ́ bí ọṣẹ tàbí káún bá kàn án, ó máa ń yí sí búlúù àti àwọ̀ ewé. Ẹ̀jẹ̀ tó pupa nínú àwòrán kan á ti yàtọ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Tòmátò inú agolo kì í ṣàn, àwọ̀ ọsàn ló sì ń fi hàn lójú kámẹ́rà. Epo pupa kì í bá omi pò, kì í sì í kúrò lára aṣọ mọ́.

Kí ẹ tó da ẹ̀jẹ̀ sára ẹnikẹ́ni, ẹ fi faselíìnì pa awọ rẹ̀, torí àwọ̀ oúnjẹ máa ń wọ awọ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Aṣọ tó máa gba ẹ̀jẹ̀, mẹ́ta irú kan náà ni kí ẹ rà fún òṣèré kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn olókìríkà. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dọ́gba lẹ́ẹ̀mejì lára aṣọ kan náà, ẹ sì máa nílò aṣọ tó mọ́ bí ẹ bá fẹ́ tún àwòrán yẹn yà.

ỌmọỌwá_Ìmọ̀

Ṣé ẹ̀jẹ̀ màlúù láti ọ̀dọ̀ alápatà kò ní sàn jù, ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀jẹ̀ gidi ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Aṣaralóge_Lágere

Rárá o, àbúrò mi. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ màlúù ń dì, omi rẹ̀ á yà sọ́tọ̀, eṣinṣin á dé, òórùn á sì lé àwọn òṣèré jáde. Àìsàn ló sì burú jù níbẹ̀. Àwọn ará Wakaliga ní Kampala, ní Uganda, tí wọ́n ṣe Who Killed Captain Alex? ní 2010 pẹ̀lú owó tí kò tó 200 dọ́là, ẹ̀jẹ̀ màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Ó kó àìsàn bá òṣèré wọn, ni wọ́n bá yí sí àwọ̀ oúnjẹ. Kọ́ńdọ̀mù ni wọ́n ń di ẹ̀jẹ̀ sí lábẹ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n kọ́ńdọ̀mù tí kò kún kì í bẹ́, yíyọ̀ ló ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ kún un títí á fi le, tàbí kí ẹ lo láílọ́ọ̀nù tín-ín-rín tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Mílílítà 30 nínú kọ̀ọ̀kan, ẹ so ó kó le, kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ fi páálí líle sẹ́yìn rẹ̀ láàárín òun àti awọ, kí òṣèré lè rí ohun tí yóò gbá a mọ́.

Fún ẹ̀jẹ̀ tó ń tú yàà, ohun èlò wà ní gbogbo abúlé kòkó: ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fín oògùn sí kòkó, oní-lítà 16. Ẹ GBỌ́ MI O: tuntun ni kí ó jẹ́, tí oògùn kò kàn rí. Èyí tí wọ́n ti fín oògùn rí, ẹ kò lè fọ̀ ọ́ mọ́ tó láti fi ṣe ohun tó máa kan ojú àti ẹnu ènìyàn, ì báà jẹ́ ìgbà mẹ́wàá lẹ fọ̀ ọ́. Bí ẹ kò bá rí tuntun, ẹ lo sírínjì ńlá mílílítà 60 pẹ̀lú rọ́bà tín-ín-rín.

Ẹ bu omi la ẹ̀jẹ̀ náà, ọ̀kan sí ọ̀kan, ẹ fi aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ, torí kóró kòkó kan ṣoṣo tó láti dí ẹ̀rọ. Ẹ yọ irin ẹnu rẹ̀ kúrò, ẹ fi rọ́bà gígùn kọ́ ọ, kí rọ́bà náà gba inú apá aṣọ òṣèré kọjá. Ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà á fà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó ké "ó yá". Omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dánra wò. Ní kété tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, ṣúgà tó bá gbẹ síbẹ̀ á lẹ ọmọ inú ẹ̀rọ náà pọ̀. Peter Jackson, adarí fíìmù ará New Zealand, lo nǹkan bíi lítà 300 ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá sí ìparí Braindead ní 1992. Ẹ̀yin kò nílò ju lítà 12 lọ, bí ẹ bá jẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ ọn.

ỌmọỌbòkun_Ìsọ̀kún

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ojú iwin náà ńkọ́? A ti ń rò ó bóyá ká lọ yá aṣọ eégún.

BàbáÌtàgé_Eléyẹlé

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ eégún kì í ṣe ohun tí a ń yá fún eré. Ó ní ilé tó ni ín, ó sì ní ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó ìmọ̀lẹ̀, ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà: ẹ kò gbọdọ̀ gbé kámẹ́rà wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ àwọn àgbà tó ni ín. Iwin yín, ẹ dá a sílẹ̀ fúnra yín. Á tún wu òǹwòran jù bẹ́ẹ̀.

Aṣaralóge_Lágere

Bàbá ti sọ ọ́. Iwin ilé kòkó ni, ẹ jẹ́ kí kòkó jẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ fẹ́ bàlúùnù títí á fi ju orí ènìyàn lọ díẹ̀. Ẹ pò ìyẹ̀fun sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ife kan pẹ̀lú omi tútù ife kan, ẹ dà á sínú omi tó ń hó ife mẹ́rin, ẹ máa rò ó títí á fi dán. Ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kan sí i kó má baà bu. Ẹ ya ìwé ìròyìn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ ìka méjì, ẹ rì í sínú rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ ní ìpele márùn-ún. Ìpele méjì ni kí ẹ ṣe, kó gbẹ, kí ẹ tó ṣe òmíràn. Bí ẹ bá lẹ márààrún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òde á gbẹ, inú á máa bu, orí náà á sì wó lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ méjì ti tó. Nígbà òjò, ẹ fi fáànù fẹ́ ẹ, má sì jẹ́ kó sùn síta. Ẹ kun ọ̀dà ògiri sínú àti síta, torí aáyán àti eku fẹ́ràn sítáàṣì.

Ẹ gbé èèpo kòkó gbígbẹ, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ̀ ẹ́ bo gbogbo ojú náà. Bó bá gbẹ, ó máa ń dúdú, ó máa ń hunjọ, ìlà ara rẹ̀ sì máa ń fa òjìji bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì tí ẹ là sí méjì ni ojú. Eyín, ẹ gé e lára kẹ́ẹ̀gì funfun. Ìko ni irun. Ẹ ṣí ihò imú àti ẹnu dáadáa, kí òṣèré má sì wọ̀ ọ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, ooru inú rẹ̀ lè mú kó dákú. Bad Taste tí Jackson ṣe ní 1987, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń yà á, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń yà á jù, ààrò ìyá rẹ̀ ló sì ti ń yan àwọn ìbòjú inú rẹ̀. Ilé ìdáná ti tó ibi iṣẹ́.

Ọgbẹ́ ara: jẹ́látìn, omi àti glísírìn ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ fi abọ́ rẹ̀ sórí omi gbígbóná kó yọ́, kò gbọdọ̀ hó. Ẹ dà á sínú àwo tí ẹ ti fi faselíìnì pa, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ní ọ̀sán ẹ̀rùn, bó bá ti pẹ́ díẹ̀ lójú òṣèré, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Òru ni kí ẹ yà á.

Adarí_ÒkèÌtasẹ̀

Mo ti ń dúró kí ọ̀rọ̀ dé ibi ìdarí. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ti sọ yìí, òṣèré kan ṣoṣo tó bá ń tọrọ ẹ̀rín lè bà á jẹ́.

Ẹ ya àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rù nìkan, kí wọ́n gbàgbé pé ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Kejì, kí wọ́n fi ohun kékeré kan kún un tó ń bí ẹni náà nínú ju iwin lọ. Fún àpẹẹrẹ, àwọn olè yín ń jà lórí bí wọ́n ṣe máa pín owó kòkó. Iwin ti dúró lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan rí i, ó tọ́ka sí i, èkejì ní "Má yí ọ̀rọ̀ padà, ìdá mélòó ni tèmi?" Ẹni yẹn kò ṣe àwàdà o. Owó rẹ̀ ló ń dùn ún. Ìdí nìyẹn tí ẹnu á fi yà wá, tí a ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí òǹwòran rí iwin kí olè tó rí i. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni kí iwin fi dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìmira. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ̀rù lásán ni. Bó bá di mẹ́fà, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orí bébà náà wò.

Ikú mẹ́ta náà gbọ́dọ̀ máa ga sí i, kí ẹ sì mú wọn látinú iṣẹ́ kòkó gan-an. Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí àkọ́kọ́: olè kan sùn lọ, ó jí, ó rí i pé wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo òun, bí wọ́n ṣe ń bo kòkó tútù fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó lè kan. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ tó ń pariwo lábẹ́ ewé, kí ìró náà máa rẹlẹ̀, kí èéfín díẹ̀ yọ. Ìkejì, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń ká kòkó lókè, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀: ó ti òkùnkùn wọlé pẹ́pẹ́pẹ́, ó kọ́ kọ́là ẹ̀wù olè, ó gbé e lọ sókè kúrò lójú kámẹ́rà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí. Bàtà kan já bọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dà. Ìkẹta ni ti òṣùwọ̀n. Iwin gbé olè náà kọ́ òṣùwọ̀n kòkó, ó tẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ka ìwọ̀n rẹ̀, ó mú gègé létí, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó wo olè náà, ó mi orí pé kò tíì gbẹ tó. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró lórí gègé náà bó ṣe ń kọ nọ́ńbà. Ohun tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ ni sùúrù iwin náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tú gbogbo lítà tó kù.

Bí ẹ bá tú ẹ̀jẹ̀ tán sí ikú àkọ́kọ́, ẹ kò ní ibi tí ẹ ń lọ mọ́.

ỌmọỌwá_Ìmọ̀

Ti òṣùwọ̀n yìí wọ̀ mí lára. Mo ti gbà báyìí.

Onísáúndì_Modákẹ́kẹ́

Òǹwòran máa ń dárí ji àwòrán tí kò mọ́lẹ̀. Kì í dárí ji ìró tí kò gbọ́. Ìró náà ló sì ń sọ bébà di egungun.

Eegun tó ń ṣẹ́: pòròpórò àgbàdo gbígbẹ tí ẹ fi aṣọ tútù wé, ẹ ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan gbàgà. Eegun ńlá, ìrèké. Ẹran ara tó ń ya: ilá tí ẹ gé, tí ẹ pò mọ́ fùfú, kí ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì fà á ya létí máíkì. Ọ̀bẹ tó wọlé: ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n. Orí tó fọ́: bàrà tí ẹ jù sórí sìmẹ́ǹtì, àmọ́ ẹ fi ìró pòròpórò lé e lórí, torí bàrà nìkan kì í ní eegun. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán: ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá náà gan-an, láti òkè wá sórí tapólíìnì.

Ẹ gbà á sílẹ̀ nínú yàrá tí kátíńnì àti bẹ́ẹ̀dì wà, kì í ṣe nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣófo. Kí fóònù jìnnà sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ìró iwin: kí òṣèré sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, kí ẹ tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìgékúrò tí ẹ fi ń to fíìmù pọ̀, kí ẹ sì fi igbe ewúrẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, kó rẹlẹ̀ débi pé a ò ní mọ̀ pé ewúrẹ́ ni. Ṣáájú gbogbo ikú, ẹ pa gbogbo ìró rẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko, títí kan ìró ìrẹ̀.

Ní ilé kòkó náà, lẹ́yìn tí ẹ bá yà tán níbì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Òun lẹ máa fi dí ihò láàárín ọ̀rọ̀ nígbà ìgékúrò. Jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé kejì.

Ayàwòrán_Ìlódè

Lórí jẹnẹrétọ̀ yẹn: iná mànàmáná wa ń lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ gbé fóònù sí fírémù 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ sì gbé ìyára ìṣípadé kámẹ́rà (shutter) sí 1/50. Bí ẹ bá fi sí 30 àti 1/60, gílóòbù á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán, ẹ kò sì ní rí i títí ẹ ó fi délé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan, iná rẹ̀ lè máa ṣẹ́jú síbẹ̀. Àwọn láńtà tó ń lo bátìrì ló dára jù. Ẹ ti ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti ìfojúsùn (focus) fóònù mọ́ ojú kan kí ó má baà máa yí fúnra rẹ̀ bí iwin bá wọlé.

Iná kan tó lágbára láti òkè tàbí láti ojú fèrèsé, tí ẹ fi láílọ́ọ̀nù búlúù tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn bò, ó tó. Orí láńtà tí kì í gbóná nìkan ni o. Iná kejì, kékeré, láti ìsàlẹ̀ sí ojú iwin. Fún èéfín, ẹ háyà ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iná fún òde àríyá. Ẹ má sun táyà, ẹ má sì sun ohunkóhun nínú ilé tí àpò ìdọ̀họ wà.

Bí iwin ṣe ń sáré bọ̀: Raimi àtàwọn èèyàn rẹ̀ de kámẹ́rà mọ́ àárín pákó gígùn, ẹni méjì di etí rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n sì sáré. Pákó ẹsẹ̀ mẹ́fà á gbé fóònù dáadáa. Ẹ de fóònù mọ́ abẹ́ rẹ̀ ní àárín, kó súnmọ́ ilẹ̀, kí ẹ lo ojú kámẹ́rà tó fẹ̀ jù lọ. Gígùn pákó náà ni kì í jẹ́ kí ìgbọ̀nrìgbọ̀n ọwọ́ ẹnì kan yí kámẹ́rà. Bí ẹ bá lo pákó kúkúrú, orí á yí òǹwòran.

Adarí_ÒkèÌtasẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, mo sì fẹ́ kí Ọmọ Ọbòkun kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n máa ń fi oògùn oníhóró pa kòkòrò nínú ilé ìkẹ́rù kòkó, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ sì ń pa ènìyàn kíákíá. Ẹ bi onílé léèrè ọjọ́ tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ má wọ ibẹ̀. Ilé tó ṣófo, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí, ni kí ẹ wá. Àpò kòkó gidi lé ní kílò 60, ẹ má jẹ́ kí ó já lu ẹnikẹ́ni. Ẹ kún àpò pẹ̀lú bébà rírún àti fóòmù, kí èérún pákó láti sọ́míìlì wà lórí rẹ̀ díẹ̀ kó lè tú eruku. Àdá, ẹ gé e lára pákó pẹlẹbẹ, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà fàdákà. Ẹni tí wọ́n máa gbé kọ́ òṣùwọ̀n, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí àpótí tí kámẹ́rà kò rí, kí òṣùwọ̀n má gbé e rárá.

Kí ẹ tó yà á, ẹ kọ ìwé sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín, ẹ sọ fún Àmọ̀tẹ́kùn, baálé àdúgbò àti gbogbo ilé tó yí yín ká. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lọ ra omi lójú títì. Ní àsìkò yìí, wọn ò ní béèrè kí wọ́n tó dáwọ́ lé e. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á tàbí gbé e fáráyé, NFVCB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú ₦300,000 yẹn, ẹ yọ ìdámẹ́ta sọ́tọ̀ fún oúnjẹ àti ọkọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Òṣèré tí ebi ń pa kì í bẹ̀rù iwin.

ỌmọỌbòkun_Ìsọ̀kún

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, Ọlọ́run á san án fún yín. A ti pinnu: òru mẹ́ta la máa fi yà á, ikú kan lóru kan, ti òṣùwọ̀n gbẹ̀yìn. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé a lè se gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ká tọ́jú rẹ̀?

Aṣaralóge_Lágere

Ẹ lè sè é lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹ má tíì fi mílíìkì sí i, ẹ má sì tíì bu omi là á. Bí ṣúgà rẹ̀ bá ṣì nípọn bẹ́ẹ̀, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì nínú ike tí ẹ dé pa. Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ bu ìwọ̀n tí ẹ máa lò, ẹ fi mílíìkì sí i, ẹ bu omi là á. Èyí tí ẹ ti bu omi là tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù lóru yẹn. Bó bá di ọjọ́ kejì, á ti máa hó, ike á wú, á sì máa rùn bí ẹmu tó kan. Ẹ fi omi gbígbóná fọ ilẹ̀ ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, èèrà ti máa ń kó jọ kí ẹ tó kó ẹrù tán.